Mi Ò Bèèrè Orúkọ Ìyá

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé ìtàn iṣẹ́ ọnà ni mo fẹ́ lọ kà ní yunifásítì, wọn ò bínú o, wọ́n kàn ní "Iṣẹ́ ọnà fúnra ẹ̀ ò wá tó kà, àfi ìtàn ẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Awakọ̀ ni bàbá mi, Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń ná, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn, mi ò tíì rí èsì gidi fún un títí dòní. Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, àwọn ará àdúgbò mi ní Bódìjà ṣì rò pé àwòrán ni mo ń yà. Ẹ̀gbọ́n kan wá bá mi lọ́jọ́ kan pé kí n bá àwọn kọ "ilé yìí kì í ṣe títà" sára ògiri, mo ní ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ ọ́n kọ o, èyí tí ẹlòmíì bá ṣe lèmi máa ń wò, màá wá máa bèèrè pé ta ló ṣe é, ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, kí ni wọ́n fi ń ṣe. Wọ́n ní "wọ́n wá ń sanwó oṣù fún ẹ lórí ìyẹn?" Mo ní wọ́n ń san án, nígbà tó bá wù wọ́n.

"Ta ló ṣe é" yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ, torí òun ni mo fi ń jẹun, òun náà ni mo gbàgbé níbi tí kò yẹ kí n ti gbàgbé ẹ̀.

Àdìrẹ ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ìyá mi ní ọ̀kan tí wọ́n fi pọn gbogbo wa, nígbà tí kò sí ọmọ tí wọ́n máa pọ̀n mọ́ ó di ìbora, Ìbàdàn Dùn ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá rí i rí, ojú ojú ni wọ́n pín aṣọ náà sí bíi fèrèsé, oríṣìíríṣìí nǹkan ló wà nínú ojú kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo ayé fi ń dá a mọ̀ ni òpó gbọ̀ngàn Màpó, òpó kan ṣíbí kan, òpó kan ṣíbí kan, tó tò lọ bẹ́ẹ̀. 1929 ni wọ́n ṣí Màpó, ayé òyìnbó ni, wọ́n kọ́ ọ sórí òkè kí gbogbo ìlú lè máa gbójú sókè wò ó, àwọn obìnrin Ìbàdàn wá mú òpó ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sórí ìró, wọ́n ki ṣíbí bọ̀ ọ́ láàárín. Mo ti ka àlàyé lóríṣìíríṣìí nípa ṣíbí yẹn lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé, ti ìyá mi ló ṣì wù mí jù: "Ibi tó bá dùn, ṣé wọn ò ní jẹun níbẹ̀ ni?"

Mo wọ Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ wa, ọgbà yẹn nìkan tó o kà fún ọdún kan. Ilẹ̀kùn tí Lámídì Fákẹ́yẹ gbẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì inú ọgbà, Alhájì sì ni Fákẹ́yẹ o, ìyẹn ò ní kó má gbẹ́ ilẹ̀kùn fún oníṣọ́ọ̀ṣì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kejì, Chapel of the Resurrection, ère Jésù tó jíǹde tí Ben Enwonwu ṣe ló wà níbẹ̀. Institute of African Studies tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, ibẹ̀ ni mo jókòó pẹ́ sí jù. Ẹ tún wá wo Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àtàwọn oníṣẹ́ ọnà tí Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe àtàwọn ẹgbẹ́ wọn dá sílẹ̀ nígboro Ìbàdàn níbí ní 1961, òun ni ti Òṣogbo tẹ̀lé ní 1962, ibi tí Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì àti Jímọ̀ Bùráímọ̀ ti di ẹni tí ayé mọ̀. Gbogbo àwọn tí mo kà yìí la mọ orúkọ wọn. Gbogbo wọn náà ni ọkùnrin, mi ò kọbi ara sí ìyẹn nígbà náà.

2004 ni mo ń ṣe másítà mi, mo ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni màá kọ nípa ẹ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n má lọ Abẹ́òkúta, pé gbogbo èèyàn ló ń sáré lọ síbẹ̀, àti pé páànù tí wọ́n gé ni wọ́n sábà fi ń tẹ ọnà sáṣọ lọ́hùn-ún, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya ti Ìbàdàn. Òótọ́ lọ̀rọ̀ wọn. Ẹnì kan wá mú mi lọ sí agbo ilé kan lẹ́yìn Ọjà'ba, ibi tó jẹ́ pé téèyàn méjì bá pàdé lójú ọ̀nà, ẹnì kan á fara ti ògiri kí ẹnì kejì tó kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti bá Ìyá.

Ìyá ti lé ní 80 ọdún. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n na aṣọ funfun sórí pátákó, abọ́ ẹ̀kọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kì í ṣe ẹ̀kọ tí à ń fi àkàrà jẹ o, láfún ni, wọ́n ti rò ó pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù, wọ́n ti sẹ́ ẹ títí tí kò fi ní kókó kankan, torí kókó kan ṣoṣo tó bá há sẹ́nu ìyẹ́, ìlà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìyẹ́ adìyẹ ni bírọ̀ wọn. Wọn ò lo rúlà, wọn ò wo àwòrán kankan, wọ́n kàn ká aṣọ sí méjì, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n fi èékánná tẹ̀ ẹ́, nígbà tí wọ́n máa tú u, gbogbo ojú fèrèsé ti wà ńbẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọ ibẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ló máa mọ́lẹ̀, ìyẹn ni pé ibi tí aró ò ní dé ni Ìyá ń yà, wọ́n ń ya nǹkan tí wọn ò tíì rí. Orí mi dàrú. Mo tẹjú mọ́ ọwọ́ wọn bí ẹni fẹ́ gbé e mì, wọ́n ní "Má wo ọwọ́ mi, ọmọ yunifásítì. Ọwọ́ mi ti mọ̀nà. Ibi tó ń lọ ni kó o máa wò."

Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń lọ ń bọ̀. Mo bá wọn sẹ́ láfún, mo jẹ àmàlà wọn, mo tẹ̀lé aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ aláró, mo rí bí wọ́n ṣe ń fi omi eérú po ewé ẹ̀lú tí wọ́n ti gún tí wọ́n sì ti sá gbẹ, tí wọ́n á fi í sílẹ̀ sínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan kó kan, òórùn yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ n ròyìn ẹ̀. Aṣọ á wọnú aró, bó bá ṣe ń jáde á kọ́kọ́ rí bí ewé, afẹ́fẹ́ á kàn án, á yí sí búlúù lójú yín báyìí, wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún sá a, títí tó fi máa dúdú. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n á tó họ ẹ̀kọ kúrò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n họ ọ́ lójú mi, tí òpó Màpó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo pariwo, àwọn ọmọdé agbo ilé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dalẹ́.

Ní igun aṣọ kọ̀ọ̀kan, Ìyá máa ń fa ìlà kékeré mẹ́ta bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Mo bi wọ́n pé kí lèyí. "Kí aláró má baà gbé tèmi fún ẹlòmíì ni." Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, àmì fún aláró. Mo ṣí ojú ewé kejì.

Mi ò bèèrè orúkọ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú wa ló máa kúnlẹ̀ kí ìyá tó lé ní 80 ọdún tán, táá tún ní "kí lorúkọ yín, mà?" Ìyá Ẹlẹ́kọ ni gbogbo agbo ilé ń pè wọ́n, àwọn ọmọ tí wọ́n bí ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, èmi náà ń pè wọ́n ní Ìyá. Nígbà tí mo wá ń kọ ìwé, ọ̀gá mi ní ká fi nọ́ńbà sí gbogbo àwọn tó bá mi sọ̀rọ̀, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìyá di Ínfọ́mántì 4. Ínfọ́mántì 1 ni alága ẹgbẹ́ kan, ọkùnrin, tí kò fọwọ́ kan ẹ̀kọ rí láyé ẹ̀, àfi èyí tó jẹ.

Mo gba máàkì tó dáa. Wọ́n gbà mí síṣẹ́, mo ṣe PhD, mo bí ọmọ méjì láàárín ẹ̀. Ohun tí wọn kì í sọ fún ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ yunifásítì ni pé kì í ṣe ìkọ́ni ni wọ́n fi ń gbéni ga, ìwé títẹ̀ ni, tí jọ́nà ò bá ti gbé e jáde ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Mo bá gé ìwé másítà mi sí mẹ́ta, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Ínfọ́mántì 4 wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló gbé mi dé sínọ̀ lẹ́kíṣọ̀rà. Mi ò padà lọ sí Ọjà'ba. Mo kàn máa ń ní màá lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣe máa ń rí.

Lọ́dún 2014, mo rí owó ìwádìí kan gbà tó gbé mi dé London fún oṣù mẹ́ta. Òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Nǹkan àkọ́kọ́ tó wà lọ́kàn mi ni ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, tó wà lọ́wọ́ British Museum. Inú fọ́tò ni mo ti ń fi kọ́ àwọn ọmọ látọdúnmọ́dún. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley ní 1924, ó wu àwọn òyìnbó débi pé wọn ò fẹ́ kó padà wálé mọ́, wọ́n bá kábíyèsí ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n kan àga ọba kan lọ́hùn-ún fún wọn, ilẹ̀kùn dúró. Ẹ wo pàṣípààrọ̀! Òyìnbó kan wà lára ilẹ̀kùn náà tí àwọn èèyàn gbé rù bọ̀, Ògògà wà ní tiwọn, wọ́n jókòó síbi ìjókòó wọn, ayaba dúró lẹ́yìn wọn. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, ó ti pé 50 ọdún, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ẹ̀ ṣì ki oríkì ẹ̀ fún olùwádìí kan, John Pemberton, ó ní ìrókò líle ni ọkọ òun ń gbẹ́ bí ẹni ń gbẹ́ igbá. Ẹnu obìnrin yẹn ni ọ̀pọ̀ ohun tá a mọ̀ nípa Ọlọ́wẹ̀ ti wá.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ sí mùsíọ́mù mìíràn, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Wọ́n fa dúrọ́ọ̀ kan jáde fún mi, ère ìbejì ló sùn tò sínú ẹ̀ lórí fóòmù bí ọmọ ọsibítù. Ojú ọ̀kan ti yọ̀ rán-ún, imú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kì í ṣe kòkòrò ló jẹ ẹ́ o, ọwọ́ ìyá ni. Ìyá tí ọ̀kan kú nínú ìbejì ẹ̀, tó gba ère yìí lọ́dọ̀ agbẹ́gilére, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fi osùn pa á, tó ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu bó ṣe ń bù ú fún èyí tó wà láàyè. Osùn ṣì wà ní kọ̀rọ̀ irun ẹ̀. Wọ́n so káàdì kan mọ́ ọn lọ́rùn: Yorùbá, a ò mọ ẹni tó ṣe é. Inú bí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo ní agbẹ́gilére yẹn ní ilé, ó ní oríkì, wọn ò bèèrè ni, ẹni tó kó o wá ò bèèrè. Ọmọbìnrin òyìnbó tó ń tọ́jú ibẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní òun ti ka iṣẹ́ mi lórí àdìrẹ, ó wu òun gan-an, pé aṣọ Ìbàdàn mélòó kan wà lọ́wọ́ àwọn náà tó láwọn àmì ní igun bí mo ṣe kọ ọ́, òun ń gbìyànjú láti tún káàdì wọn kọ. Ẹ jọ̀ọ́, Ínfọ́mántì 4 yẹn, kí lorúkọ wọn?

Kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀ o. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Bírọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo ní màá fi ránṣẹ́ sí i tí mo bá délé, pé inú ìwé mìíràn ni mo kọ ọ́ sí. Irọ́ ni mo pa.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo dé tí mo fi wọ máíkírà, ó di Ọjà'ba. Ìyá ti kú, ó ti lé lọ́dún mẹ́fà. Mo bá ọmọbìnrin wọn níwájú ilé, àdìrẹ lòun náà ń tà, àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, òpó Màpó wà lára ẹ̀ pérépéré, ṣíbí wà ńbẹ̀, mo wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ẹsẹ̀ adìyẹ. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Wọ́n wò mí lókè, wọ́n wò mí nílẹ̀. "Ẹ jẹun nílé wa fún oṣù mẹ́rin, ẹ ò mọ orúkọ ìyá wa?" Mo kúnlẹ̀.

Ẹ wá wò ó, àwọn náà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Orúkọ kan wà lórí káàdì ìdìbò, orúkọ mùsùlùmí, wọ́n ní kò sẹ́ni tó fi pè wọ́n rí nínú ilé. A lọ bá ìyàwó kékeré bàbá wọn tó ṣì wà láàyè. Màmá yẹn lanu, wọ́n tún pa á dé, wọ́n ní "Ìyálé mi ni kí n máa pe orúkọ wọn? Èmi kẹ̀?" Ibẹ̀ ni mo rántí nǹkan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún ti ń sọ láti ọjọ́ yìí wá, pé ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ ọnà Yorùbá láìgba ti oríkì wọlé, ẹ̀yìn ilé lonítọ̀hún ń rìn kiri. Mo ti fi dáhùn ìdánwò, mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ, mi ò lò ó rí. Mo ní ẹ má dárúkọ wọn mọ́, mà, ẹ kàn bá mi kì wọ́n.

Màmá tún gèlè wé. Wọ́n ki ìyálé wọn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìlú tí bàbá wọn ti wá, ilé tí wọ́n ti jáde, ìyá tó bí wọn, ọwọ́ tí kì í gbọ̀n tó bá mú ìyẹ́, nígbà tó máa dé àárín, orúkọ bọ́ sílẹ̀, orúkọ àbísọ gan-an, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ti pè é. Ọmọ Ìyá tó jókòó tì mí ò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Mo ń gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, fóònù ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi.

Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹbí bẹ̀ mí pé inú ìwé ni kí n kọ ọ́ sí, kí n má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹjọ́ ilẹ̀ kan wà nílẹ̀ tí wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa fi orúkọ Ìyá wá nǹkan kiri, mo sì gbà. Ó ti wà nínú ìwé. Ọ̀kan nínú àwọn jọ́nà tó tẹ iṣẹ́ mi ní àwọn kì í ṣàtúnṣe nítorí irú ẹ̀, mo bá wọn fà á fún ọdún kan ó lé, wọ́n wá fi ìlà kan ṣoṣo sísàlẹ̀ ojú ewé tí ẹnikẹ́ni ò ní kà. Ọmọbìnrin London dá mi lóhùn lọ́jọ́ kejì.

Láti ìgbà yẹn, mo ti dín bí mo ṣe ń bú òyìnbó kù, mi ò fi í sílẹ̀ pátápátá o. Leo Frobenius dé Ifẹ̀ ní 1910, ó rí orí tí àwọn baba wa fi amọ̀ mọ, ó ní àwọn ará Atlantis ló ní in, ẹni tí ò gbà pé ẹ lè ṣe é, ṣé ó máa bèèrè orúkọ ẹni tó ṣe é? Tiwọn nìyẹn. Tiwa ni pé a bọ̀wọ̀ fún àgbà débi tí orúkọ wọn fi bá wọn wọlẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ báyìí, mo máa ń ní kí wọ́n má bèèrè orúkọ, kí wọ́n ní kí ará ilé kì wọ́n. Ọmọkùnrin kan mú oríkì ìṣẹ́jú 14 bọ̀ wá fún mi, inú mi dùn, ìgbà tó yá la rí i pé màmá yẹn ò ṣe àdìrẹ rí, gààrí ni wọ́n ń tà, wọ́n kàn fẹ́ràn ọmọ náà.

Ohun tí mo wà lórí ẹ̀ lọ́wọ́ tún ti le ju orúkọ lọ. Nígbà tí a yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́jọ lọ́dún 2022, tí kò sówó tí kò sí kíláàsì, ọ̀dọ̀ àwọn aláró ni mo ń lọ jókòó. Àgbà aláró kan ní àwọn ẹlẹ́kọ ń yan lásán ni, "ẹ̀kọ ni wọ́n yà, èmi ni mo ṣe aṣọ." Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ ọmọ Ìyá, wọ́n bínú débi pé wọn ò fún mi lómi mu lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ra aṣọ funfun sílẹ̀ tó gbé e fún ẹlẹ́kọ, tó san owó aró, tó tún lọ tà á, òun náà ní tòun ni. Tí mùsíọ́mù bá wá fẹ́ kọ káàdì, orúkọ mélòó ni wọ́n máa kọ? Mo rò pé gbogbo ẹ̀ ni. Ọ̀gá kan ní ẹ̀ka wa ní káàdì ò ní gbà á, mo ní kí wọ́n gé káàdì tó tóbi.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ kí ìyá mi, mo ní kí wọ́n bá mi gbé Ìbàdàn Dùn yẹn jáde. Ó ti ṣá, ó ti ya létí. Mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo igun ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní igun kẹta mo rí i, òbìrípo kékeré kan tí wọ́n fa ìlà kan kọjá láàárín ẹ̀. Kì í ṣe ẹsẹ̀ adìyẹ. Mo ní mà, ọ̀dọ̀ ta lẹ ti rà á? Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ìyá kan ni, ní Bẹẹrẹ, kí wọ́n tó bí mi. Mo ní kí lorúkọ wọn? Ìyá mi wò mí. "Èmi ni kí n máa dárúkọ ìyá àgbà?" Mo ní ó dáa, ẹ kì wọ́n fún mi. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní oríkì wọn kọ́ làwọn mọ̀, iye tí wọ́n ta aṣọ fún àwọn làwọn mọ̀, àti pé ṣílè mẹ́ta ló kù tí àwọn ò tíì san.

Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.